Wíwo Tony Awards láti Èkó: ohun tó hàn lójú tẹlifíṣàn àti èyí tí kò hàn

Adarí_Súrùlérè:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa orí ìtàgé. Ẹgbẹ́ eré wa fẹ́ jókòó wo ayẹyẹ Tony Awards, níbi tí wọ́n ti ń fún àwọn eré orí ìtàgé Broadway ní New York ní àmì-ẹ̀yẹ, pọ̀ ní oṣù Kẹfà tó ń bọ̀. Ọ̀dọ́ méjìlá ni wọ́n, èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, púpọ̀ nínú wọn kò sì tíì wo irú rẹ̀ rí. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Èkíní, aago wo ni yóò jẹ́ ní Èkó, báwo la sì ṣe máa ṣe é tí iná àti dátà kò fi ní já wa kulẹ̀? Èkejì, kí ló yẹ kí ojú àti etí wọn wà lára rẹ̀? Ẹ̀kẹta, kí lèrò yín nípa ti 2025, kí n lè rí nǹkan fi ṣe àpẹẹrẹ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìdí tí ẹ fi sọ ohun tí ẹ bá sọ. "Ó dùn" tàbí "kò dùn" nìkan kò lè ran àwọn ọmọ lọ́wọ́.

Akoka_Òǹkàwé:
Ẹ jẹ́ ká ti orí aago bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà, Èkó fi wákàtí márùn-ún ṣáájú New York. Aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni CBS, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà, máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sáfẹ́fẹ́ lọ́hùn-ún. Aago kan òru nìyẹn lọ́dọ̀ tiwa, ọjọ́ Ajé ti wọlé. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, ẹ kà á sí aago mẹ́rin ìdájí, kí ẹ sì fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé e. Ti 2025 bọ́ sí òru 8 mọ́jú 9 oṣù Kẹfà, ìjọba sì ti fi ọjọ́ Ajé yẹn ṣe ìsinmi Iléyá, kò sẹ́ni tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́. Kò ní máa rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹni tó bá ní láti gun Third Mainland Bridge ní aago mẹ́fà àárọ̀, kó lọ sùn, kó wo àwọn àgékù rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé aago kan kọ́ ni ayẹyẹ náà ń bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Apá kan wà ṣáájú tí wọ́n ń pè ní Act One. Ní 2025, orí Pluto TV, tẹlifíṣàn orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló wà, Darren Criss àti Renée Elise Goldsberry ló ṣe atọ́kùn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú alẹ́ ní aago Èkó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún àwọn oníná, àwọn olóhùn, aránṣọ, àwọn tó ṣètò ojú ìtàgé, olùkọ́ ijó àti àwọn tó to orin fún àwọn ohun èlò ní àmì-ẹ̀yẹ tiwọn. Bí àwọn ọmọ yín bá jókòó ní aago kan, gbogbo ìyẹn ti kọjá lọ.

Ibi tí ẹ ti máa wò ó ńkọ́? Ẹ̀tọ́ ìgbésáfẹ́fẹ́ yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè, ó sì máa ń yí padà. CBS àti Paramount+ ló ń gbé e ní Amẹ́ríkà. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ fi rìmóòtù yẹ atọ́ka ètò orí díkódà yín wò. Abẹ́ ọjọ́ Ajé ni kí ẹ wò, ẹ má wò ó lábẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹ má tẹ líǹkì tí ẹnikẹ́ni bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí kò bá béèrè nọ́ńbà káàdì ATM yín, yóò gbé ìpolówó burúkú wá síwájú àwọn ọmọ. Bí kò bá sí lórí díkódà, ẹ fara balẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ìkànnì YouTube ti Tony Awards fúnra wọn máa ń gbé ọ̀rọ̀ àwọn tó gba àmì-ẹ̀yẹ síta, orúkọ gbogbo àwọn tó borí sì máa ń wà lórí tonyawards.com.

Oníná_Ìgànmú:
Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò iná. TV LED oní-ínṣì 43 ń jẹ nǹkan bí wáàtì 80, ráútà 12, láptọ́ọ̀pù 60, spíkà kékeré 40. Ẹ kà á sí 200. Bí ẹ bá fẹ́ wo Act One mọ́ ọn, wákàtí márùn-ún ni, ìyẹn wáàtì-wákàtí 1,000. Bátìrì olómi 12V 200Ah ní 2,400 nínú, àmọ́ kò dáa kí ẹ lò ju ìdajì rẹ̀ lọ bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, ínfátà fúnra rẹ̀ á sì jẹ nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó kù fún yín jẹ́ nǹkan bí 1,020. Ó tó, kò ṣẹ́ kù. Ẹ fi fáànù oníwáàtì 60 kan sí i, kò tó mọ́.

Bátìrì 100Ah kan ṣoṣo, bí ẹ bá tan án ní méjìlá ku ogún, yóò dé ìdajì ní nǹkan bí aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìparí pátápátá sì ni wọ́n máa ń kéde eré olórin tó dára jù lọ. Nítorí náà, tó bá jẹ́ 100Ah lẹ ní, ẹ fi Act One sílẹ̀ fún orí fóònù kan, ẹ pa láptọ́ọ̀pù, kí ẹ tan TV ní aago kan. Ti ooru, ẹ lo fáànù tó ń gba iná pamọ́, ẹ sì ti gba iná sí i lára láti ọ̀sán. Èèyàn méjìlá nínú yàrá kan kò ṣeé ṣe láìsí fáànù.

Ẹ so TV àti ráútà mọ́ ínfátà láti ìbẹ̀rẹ̀, kódà bí NEPA bá mú iná wá. Bí iná bá lọ tí ráútà ń tún ara rẹ̀ tàn, ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta ló máa gbà, ìṣẹ́jú-àáyá 90 péré sì ni wọ́n fún ẹni tó borí láti rìn dé orí ìtàgé kó sì sọ̀rọ̀ tán.

Ẹni tó bá fẹ́ lo jẹnẹrétọ̀, kó gbé e sí ìta gbangba, ó kéré tán mítà mẹ́fà sí fèrèsé. Kó má ṣe gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí abẹ́ àtẹ̀gùn. Gáàsì tó ń pani nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, aago mẹ́ta òru sì ni oorun máa ń gbé àwọn ọmọ lọ.

Ti dátà: àwòrán 1080p ń jẹ nǹkan bí 3GB ní wákàtí kan, 720p nǹkan bí 1.5GB, 480p kò tó 1GB. 720p tó fún TV ínṣì 43, ẹ kà á sí 5GB fún wákàtí mẹ́ta. Ẹ fọwọ́ yàn án fúnra yín, ẹ má fi í sí "Auto", torí Auto yóò gòkè lọ sí 1080p nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dáa, yóò sì jẹ dátà yín tán kó tó di aago mẹ́ta. Dátà òru náà dáa, ṣùgbọ́n ẹ ka aago tó bẹ̀rẹ̀ àti aago tó parí kí ẹ tó rà á. Kí gbogbo fóònù tó wà lórí Wi-Fi náà pa ìmúdójú-ìwọ̀n, ìyẹn update, kí wọ́n tó wọlé.

Adarí_Súrùlérè:
Ẹ ṣeun gan-an. Bátìrì wa jẹ́ 200Ah, ó dùn mọ́ mi nínú. Ó ku ohun tó yẹ kí wọ́n máa wò.

Bàbá_Ìtàgé_Ọbáléńdé:
Kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń dá lọ́lá kí wọ́n tó dá ẹjọ́. Orúkọ Antoinette Perry, òṣèrébìnrin tó tún jẹ́ adarí eré, ni wọ́n gé kúrú sí Tony. Ọdún 1947 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. American Theatre Wing àti Broadway League ló ń darí rẹ̀ lónìí. Eré tó bá wáyé ní ilé eré Broadway nìkan ló lè wọ inú rẹ̀. Ilé mọ́kànlélógójì ni, ní Manhattan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìjókòó 500 ó kéré tán. Eré tó dára gan-an nínú ilé kékeré oníjókòó 300 ní New York kan náà kò sí nínú ìdíje yìí. Kò sí ìbò orí fóònù o. Àwọn oníṣẹ́ tíátà tó lé ní 800 ló ń dìbò. Bí ọmọ kan bá ní "kí ló dé tí wọn ò fún lágbájá?", kó kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n tilẹ̀ yan lágbájá.

Ohun tó tóbi jù nìyí, kí ẹ sọ ọ́ fún wọn kí iná tó tàn: ohun tí ẹ máa rí kì í ṣe eré náà. Radio City Music Hall, níbi tí ti 2025 ti wáyé, gba nǹkan bí 6,000 èèyàn, fífẹ̀ ìtàgé rẹ̀ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 144. Púpọ̀ nínú ilé eré Broadway kò ju ìjókòó 1,000 sí 1,800 lọ. Ó dà bí ìgbà tí a bá kọ́ eré kan fún ìtàgé Freedom Park ní Broad Street, tí wọ́n wá ní ká gbé e lọ sí gbọ̀ngàn ńlá Ìgànmú tí wọ́n kọ́ fún FESTAC 77, lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, ká ṣe orin kan péré nínú rẹ̀ kí á sì bọ́ sílẹ̀. Orin ìṣẹ́jú mẹ́fà á di mẹ́ta sí mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ nínú ohun ọ̀ṣọ́ ìtàgé kò lè bá wọn wá. Ìrìn tí òṣèré fi ìṣísẹ̀ mẹ́jọ rìn nílé, ogún ìṣísẹ̀ ló máa gbà níbẹ̀, orin á sì ti kọjá ibi tó yẹ kó dúró.

Ẹ wo Maybe Happy Ending, tó gba àmì-ẹ̀yẹ mẹ́fà ní 2025 pẹ̀lú ti eré olórin tó dára jù lọ. Eré àwọn róbọ́ọ̀tì méjì tí wọ́n ti fẹ̀yìn wọn tì ní Seoul ni, òṣèré mẹ́rin péré ló wà nínú rẹ̀. Ẹwà rẹ̀ wà nínú kékeré tó kéré: ojú ìtàgé tó ń ṣí tó ń padé bíi fèrèsé, tó ń mú kí o wo ibi kan ṣoṣo. Wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ ojú ìtàgé. Lójú tẹlifíṣàn, òṣèré méjì lórí ìtàgé ẹsẹ̀ bàtà 144 kò lè fi ìdí tó fi borí hàn ọ́. Ẹni tó bá wò ó láti ilé tó ní kò tó nǹkan, mi ò bínú sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó lò kò pé.

Buena Vista Social Club ńkọ́? Ìyẹn bá tẹlifíṣàn mu, torí orí ìtàgé ni àwọn onílù àti onígìtá jókòó sí, wọ́n jẹ́ ara ìtàn náà. Kámẹ́rà kàn ní láti sún mọ́ ìka wọn ni. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ ijó, ti ohùn, ti àtòpọ̀ orin, Natalie Venetia Belcon gba ti òṣèrébìnrin amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì tún fún gbogbo ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ní Tony àkànṣe. Kí àwọn ọmọ wa tó ń lu dùndún lẹ́yìn aṣọ ìkélé wo ìyẹn dáadáa.

Olóhùn_Yábàá:
Bàbá, ẹ ṣeun sà. Mo fẹ́ gba ibẹ̀ wọlé, torí ohùn ni mò ń ṣe.

Ohùn tó ń ti TV jáde kọ́ ni ohùn tí àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn ń gbọ́. Ẹni kan wà nídìí mísà inú gbọ̀ngàn, àwọn mìíràn sì wà nínú ọkọ̀ ìgbésáfẹ́fẹ́ níta tí wọ́n ń po ohùn tiwọn lọ́tọ̀ fún tẹlifíṣàn. Eré mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń gbà wọ́n lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan. Bí ègbè bá bo ohùn olórí akọrin nílé yín, ẹ má tíì dá eré náà lẹ́bi. Ẹ gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn òṣèré rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bí ọ̀rọ̀ orin bá yé yín níbẹ̀, ọwọ́ ọkọ̀ níta ni àléébù náà ti wá.

Spíkà ẹ̀yìn TV kò lè gbé orin ìtàgé. Kọ́ńsónáǹtì ló máa ń kọ́kọ́ sọnù, ẹ á máa gbọ́ ohùn láìgbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ so spíkà òde mọ́ ọn, okùn ni kí ẹ lò: HDMI ARC, okùn optical, tàbí okùn etí kékeré bí TV bá ní ihò rẹ̀. Bluetooth máa ń fa ohùn sẹ́yìn díẹ̀, ẹnu akọrin yóò ti pa dé kí ọ̀rọ̀ tó jáde, àwọn ọmọ á sì rò pé wọ́n ń fi ẹnu lásán tẹ̀lé rẹ́kọ́ọ̀dù ni. Ẹ má fi TV sí ètò "Clear Voice". Ó ń gé bàsì kúrò, orin á di tín-ín-rín. Ẹ tún pa ètò tó ń mú kí àwòrán máa yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́, torí ó ń sọ ẹsẹ̀ oníjó di èéfín.

Kí àwọn ọmọ wá ibi tí máìkì wà. Nínú eré olórin, iwájú orí níbi tí irun ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sábà ń fi í sí, tí wọ́n á fi téèpù tó jọ àwọ̀ ara lẹ̀ ẹ́. Ó ga sókè, kò sún mọ́ ẹnu tí èémí á fi máa fẹ́ lù ú. Tiwa níbí, àyà ni a máa ń so ó mọ́, aṣọ òkè á wá máa ha á ní gbogbo ìgbà tí òṣèré bá yí ọrùn.

Ohun tó dùn mí ni pé wọn kì í ka iṣẹ́ wa sí. Ní 2014, wọ́n kéde pé àwọn yọ àmì-ẹ̀yẹ ohùn kúrò pátápátá. Ọdún 2018 ló tó padà. Ó padà tán, Act One ni wọ́n gbé e sí.

Bàbá_Ìtàgé_Ọbáléńdé:
Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi, ó sì kan Èkó tààrà. Ní 2010, wọ́n yan Fela!, eré tí Bill T. Jones darí lórí Aníkúlápó-Kútì, fún àmì-ẹ̀yẹ mọ́kànlá. Memphis ló gba ti eré olórin tó dára jù lọ. Mẹ́ta tí Fela! gbà ni ijó, aṣọ àti ohùn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà lára irú ìsọ̀rí tí wọ́n ń gbé sí Act One nísinsìnyí. Wọ́n gbé eré náà wá sí Eko Hotel ní oṣù Kẹrin 2011, àwọn ará Èkó sì fojú ara wọn rí ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dá a lọ́lá. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ràn tíátà tí kò sì wo Act One, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ń gbé eré ró ló fò dá.

Aránṣọ_ẸbútéMẹ́ta:
Mo gbè sẹ́yìn Bàbá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá orúkọ Dede Ayite. Ọmọ ìran Gánà ni, ó sì gba Tony aṣọ ní 2024 fún Jaja's African Hair Braiding, eré Jocelyn Bioh. Aṣọ tí èèyàn ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìdirun lójoojúmọ́ ni ó fi gbà á, kì í ṣe aṣọ ọba. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí rò pé dáńṣíkí ńlá àti wúrà nìkan ni aṣọ ìtàgé.

Nígbà tí ẹ bá ń wò ó, ẹ máa kíyè sí ohun tí kámẹ́rà ń ṣe sí aṣọ. Àwòrán wẹ́wẹ́ tó sún mọ́ra, irú èyí tó wà lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi páànù gígé tẹ̀, máa ń gbọ̀n rìrì lójú TV. Funfun báláú máa ń tàn bo ojú òṣèré, ẹ ó rí i pé wọ́n sábà máa ń lo funfun tó ti pọ́n díẹ̀. Omi tíì tó ṣàn gan-an la fi ń rì í. Dúdú pátápátá náà máa ń pa ìṣẹ́po aṣọ rẹ́. Sẹ́kúìnì máa ń ju iná sínú kámẹ́rà, àmọ́ oníjó tó dúró lẹ́yìn lè wọ̀ ọ́ láìṣe nǹkan kan. Ẹ fi fóònù ya aṣọ yín lábẹ́ iná ìtàgé kó tó di ọjọ́ eré, láti ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́wàá.

Gèlè ńkọ́, nítorí ohun tí Olóhùn sọ? Ẹ má ti máìkì sábẹ́ gèlè. Gèlè tó le bíi páálí máa ń dún ṣàràṣàrà létí rẹ̀. Ẹ gbé orí máìkì yọ jáde ní etí iwájú, kí ẹ rán okùn rẹ̀ mọ́ fìlà aláwọ̀-ara tó wà nísàlẹ̀, kí ẹ tó wé gèlè lé e.

Onídìrí_Mushin:
Àǹtí Aránṣọ, ẹ ò tíì sọ ti irun! Nínú Jaja's kan náà, irun dídì gan-an ni iṣẹ́ tó ń lọ lórí ìtàgé látòwúrọ̀ dalẹ́, òṣèré á jókòó tòun ti irun àìdì, á dìde tòun ti irun dídì. Wíìgì tí wọ́n ti di ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe é, wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ìran. Nikiya Mathis ló ṣètò rẹ̀. Kò sí ìsọ̀rí irun nínú Tony, nítorí náà Tony àkànṣe ni wọ́n fún un ní 2024. Èmi rò pé ó yẹ kí ìsọ̀rí tirẹ̀ wà. Aṣọ ní tirẹ̀, iná ní tirẹ̀, irun tó ń sọ ọjọ́ orí òṣèré àti ipò rẹ̀ kò ní.

Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú irú rẹ̀: wíìgì mẹ́ta fún orí kan, ti ìbẹ̀rẹ̀, ti àárín, ti ìparí. Ìdì kan náà, ìlà kan náà, kí ìlà má yẹ̀, torí ojú èrò ìwòran á mú un. Ẹ di irun òṣèré gan-an ní ìdì àtẹ̀mórí kí wíìgì lè jókòó. Ẹ má fi ìlẹ̀kẹ̀ sí irun tó bá wà níwájú orí, yóò máa gbá máìkì.

Ọmọ_Ọjà_Ọba:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, kò sẹ́ni tó tíì sọ nípa atọ́kùn. Cynthia Erivo ló ṣe ti 2025, ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀, ó sì ti gba Tony fúnra rẹ̀ ní 2016 fún The Color Purple. Mo gbádùn rẹ̀ gan-an. Ó fi orin bẹ̀rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ sáàárín èrò, ó na máìkì sí àwọn akọrin tó jókòó.

Bàbá_Ìtàgé_Ọbáléńdé:
Iṣẹ́ tí ijó àti orin ìbẹ̀rẹ̀ ń ṣe fún àwọn ẹlẹ́rẹ́ aláàrìnjó látìgbà Ògúndé nìyẹn, ohun tí wọ́n ń pè ní opening glee. Ó ń kó ojú èrò jọ kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Erivo ṣe é láìpariwo, ohùn rẹ̀ nìkan ló fi gbé e. Atọ́kùn tó lè kọrin dáadáa dára ju aláwàdà lọ fún irú ayẹyẹ yìí, torí orin kò nílò ìtumọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè, àwàdà nípa àwọn òṣèré New York nílò rẹ̀.

Akoka_Òǹkàwé:
Èmi ní àríwísí kan. Wọ́n kó àwọn òṣèré àkọ́kọ́ Hamilton jọ fún ọdún mẹ́wàá tí eré náà pé lórí Broadway, wọ́n kọ orin tó pọ̀ nínú rẹ̀. Orin náà dára. Ṣùgbọ́n Hamilton ti gba àmì-ẹ̀yẹ mọ́kànlá tirẹ̀ ní 2016, kò sí nínú ìdíje 2025. Àkókò tí wọ́n fún un tó láti fi kéde àmì-ẹ̀yẹ iná àti ti aṣọ níwájú gbogbo ayé. Bákan náà ni àyè kò tó fún eré ọlọ́rọ̀, èyí tí kò ní orin. Purpose ti Branden Jacobs-Jenkins ló gba ti eré ọlọ́rọ̀ tó dára jù, Phylicia Rashad ló darí rẹ̀, Kara Young sì gba Tony lára rẹ̀ fún ọdún kejì léraléra, òṣèré aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ta ló rí ìran kan gbòógì nínú eré náà láti ilé?

Olóhùn_Yábàá:
Ẹ̀gbọ́n, mi ò bá yín lọ lórí ti Hamilton. Orin yẹn ló mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn tan TV, àwọn tó torí rẹ̀ jókòó ló wá rí Maybe Happy Ending. Tẹlifíṣàn nílò èrò. Ti eré ọlọ́rọ̀ ni mo gbà pẹ̀lú yín. Ilé-iṣẹ́ tó gbé eré jáde ló sábà ń náwó sí orin tó bá ṣe níbi ayẹyẹ, ó ń ṣe é bí ìpolówó ọjà. Orin ìṣẹ́jú mẹ́ta ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ìjíròrò ìṣẹ́jú mẹ́ta láàárín bàbá àti ọmọ kò rọrùn láti tà. Eré tó ti kógbá sílé kì í sì í ní owó tó máa fi wá.

Akoka_Òǹkàwé:
Mo gbà pẹ̀lú ti owó. Síbẹ̀, Adarí, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ yín rò pé orin nìkan ni tíátà. Kó tó di alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ wá ìwé eré ọ̀kan nínú àwọn eré ọlọ́rọ̀ tí wọ́n yàn, kí ẹ ka ojú-ìwé mẹ́wàá àkọ́kọ́ rẹ̀ sókè, ọmọ kan fún ipa kan. Bí ti ọdún náà kò bá tíì sí ní títẹ̀, ẹ lo èyí tó borí lọ́dún kan tàbí méjì sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n bá dárúkọ òṣèré, wọ́n á ti mọ ẹrù tó gbé.

Adarí_Súrùlérè:
Èyí dáa. Mo fẹ́ tẹ ìwé kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kí ni kí n kọ sí i? Ìsọ̀rí 26 ti pọ̀ jù fún wọn.

Oníná_Ìgànmú:
Ẹ má kọ 26. Ẹ pín wọn: méjì fún ohùn, méjì fún iná, méjì fún aṣọ àti irun, méjì fún ijó, méjì fún òṣèré, méjì fún ohun tí kámẹ́rà ń ṣe. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ nǹkan mẹ́ta péré fún orin kọ̀ọ̀kan: ohun tí mo rí, ibi tí mo ti rí i, bí mo ṣe rò pé wọ́n ṣe é. Ìlà fún máàkì kò pọn dandan. Ti oníná: ibo ni iná ti ń wá, iwájú, ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn? Ìgbà wo ló yí padà, lórí ọ̀rọ̀ wo nínú orin? Sunset Blvd. gba ti iná eré olórin ní 2025, òkùnkùn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kí wọ́n wo bí iná kan láti ẹ̀yìn ṣe lè ya òṣèré kúrò lára òkùnkùn láìsí ilé, láìsí àga. Gbọ̀ngàn tí kò ní ju iná mẹ́fà lọ lè ṣe ìyẹn: méjì lẹ́yìn lókè, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀n èjìká, méjì níwájú tí ẹ rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn méjì tó ń ṣọ́ kámẹ́rà, kí wọ́n máa ka iye ìgbà tí àwòrán gé láàárín ẹsẹ orin kan, kí wọ́n sì sàmì sí ibi tí wọ́n bá ti gé oníjó ní ìbàdí. Ẹni tí kò rí ẹsẹ̀ kò lè dá ẹjọ́ ijó.

Adarí_Súrùlérè:
Ìbéèrè kan ló kù. Àwọn kan nínú wọn ń gbé ní Ìyánà Ìpájà àti Àjégúnlẹ̀. Aago mẹ́rin ìdájí ni yóò parí.

Aránṣọ_ẸbútéMẹ́ta:
Kí ẹnikẹ́ni má jáde ní aago mẹ́rin. Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òbí èyí tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, kí nọ́ńbà fóònù òbí wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún òbí náà ní kedere pé aago mẹ́fà ààbọ̀ ni wọ́n máa kúrò, ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ tí ọkọ̀ sì ti ń rìn dáadáa. Kí wọ́n dé kó tó di aago mẹ́wàá alẹ́. Yàrá àwọn obìnrin lọ́tọ̀, àgbàlagbà obìnrin kan kó wà pẹ̀lú wọn. Ẹ fi àárín aago mẹ́rin sí mẹ́fà gba ìwé tí wọ́n kọ jọ kí wọ́n tó gbàgbé, kí ẹni tó bá fẹ́ sùn sùn. Ẹ dín ohùn TV kù lẹ́yìn aago kan, nítorí àwọn aládùúgbò. Bí spíkà bá wà nítòsí àwọn ọmọ ní ìwọ̀n mítà méjì, kò nílò kó pariwo.

Olóhùn_Yábàá:
Kí ẹ yí i sílẹ̀, kí bàsì má kọjú sí ògiri tí aládùúgbò wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi tìmùtìmù sábẹ́ spíkà náà. Ẹ dán gbogbo rẹ̀ wò lọ́jọ́ Sátidé, ní aago kan òru gan-an, kì í ṣe lọ́sàn-án, torí bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń ṣe ní Súrùlérè ní ọ̀sán kọ́ ló ṣe ń ṣe lóru.